Bí gbogbo ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bá ń sọ ohun kan náà

Olùbójútó iṣẹ́ ìwádìí mi ló kọ ọ́ sí etí ìwé mi: «Ẹ̀rí dà?» Àjọ dídá láàárín àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ni mò ń wádìí, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ojoojúmọ́ làwọn ń dá a. Mo fi èèyàn kún un, ohùn kan náà ni. Mo yí ìbéèrè padà, pàbó.

Triangulation ló gbà mí, ìyẹn ni pé kéèyàn gba ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Norman Denzin, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, pín in sí mẹ́rin ní 1970: orísun ẹ̀rí, olùwádìí, tíọ́rì àti ọ̀nà ìwádìí. Mo mú ti orísun àti ti ọ̀nà. Mi ò lówó tí màá fi gba olùwádìí kejì.

Mo bẹ alájọ kan, mo tẹ̀ lé e láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn tó ni káàdì àjọ, èyí tí wọ́n ń fa ilà sí fún owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, gbà kí n wò ó. Háà! Àlàfo wà lọ́jọ́ òjò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi báírò kan náà fa ilà mẹ́ta tẹ̀léra.

Mo padà lọ bi ìyá kan. Ó rẹ́rìn-ín: «Ọmọ mi, bí ọjà ò bá tà lónìí, ṣé mi ò ní san án pọ̀ lọ́la ni?» Ibi tí ẹ̀rí ti takora yẹn gan-an ni orí kẹrin iṣẹ́ mi ti jáde.

Bí mo ṣe tò ó nìyí: mo fa ilà pín ojú ìwé sí mẹ́ta, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí mo fojú rí, ohun tó wà lórí káàdì. Níbi tí kò bá sí àkọsílẹ̀, ó lè má rọrùn báyìí. Ẹ sì gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó wo káàdì oníkáàdì o.