Bí Mo Ṣe Fi Bọ́ọ̀dù Kọ̀ǹpútà Kékeré Ṣe Rọ́tà àti Firewall ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń gbáradì fún ìdánwò JAMB, tí àwọn oníbàárà sì ń wá tẹ ìwé. Rọ́tà oníke tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn kọ̀ǹpútà níbẹ̀ a máa dákú nígbàkígbà tí iná bá lọ tó sì dé, títí ẹnìkan á fi yọ wáyà rẹ̀ kó tó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó ní kí n bá òun wá nǹkan tí kò ní máa dójú ti òun níwájú oníbàárà.

Bọ́ọ̀dù apu2d4 tí ilé-iṣẹ́ PC Engines ní Switzerland ṣe ni mo yàn. Wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe é, nítorí náà tòkunbọ̀ ni mo rà. Ó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta, RAM rẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ 4 GB, iná 12 volt ló ń lò, kì í sì í fà ju nǹkan bíi 6 sí 12 watt lọ. Raspberry Pi 4 kò burú, ó sì rọrùn láti rí rà ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe rọ́tà lè ní láti so òmíràn mọ́ ojú USB rẹ̀, èmi kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun rọ̀ mọ́ ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè gbá yọ.

Bọ́ọ̀dù yìí kò ní fáànù, kò sì ní díìsìkì tó ń yí. Kí n tó dè é mọ́ inú àpótí rẹ̀, mo fi aluminium pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ prósẹ́sọ̀, pẹ̀lú rọ́bà tín-ínrín tó ń gbé ooru láàárín wọn, kí ooru lè gba ibẹ̀ bọ́ sára àpótí irin náà. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku tí fáànù ìbá máa fà wọlé kò rí ọ̀nà gbà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án, ó ní, “Àbúrò, ṣé kò ní jóná báyìí?” Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n. Gbígbóná tí ara rẹ̀ gbóná yẹn ni ooru fi ń jáde. Ẹ má ṣáà gbé ìwé lé e lórí.”

Kò sí ibi tí a ti lè so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà wáyà serial ni mo fi so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, mo ṣí PuTTY, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ tó ń gba wáyà náà wá hàn, mo gbé ìyára rẹ̀ sí 115200, bí iná sì ti wọ bọ́ọ̀dù náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú láptọ́ọ̀pù. Mo fi Linux kékeré kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó wà lórí flash tan án, láti ibẹ̀ ni mo sì ti kọ OpenWrt, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di rọ́tà, sórí SSD mSATA 16 GB, díìsìkì kékeré tí kì í yí. Oríṣi méjì ni OpenWrt tó wà fún irú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ibi gbogbo lórí díìsìkì ló ṣeé kọ nǹkan sí. Èkejì, tí í ṣe squashfs, ti ara ètò náà pa, kíkà nìkan ló ṣeé kà, àtúnṣe tí ènìyàn bá sì ṣe yóò wà ní ìpele ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Èkejì yìí ni mo mú, nítorí pé níbi tí iná ti lè lọ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, fáìlì tí a ń kọ lọ́wọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́. Inú RAM ni log, àkọsílẹ̀ ohun tí rọ́tà ń ṣe, ń wà, ibẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì tí rọ́tà pín fún àwọn kọ̀ǹpútà ń wà, nítorí náà bí n kò bá yí ètò padà, díẹ̀ báyìí ni ohun tó ń lọ sórí SSD. Mo dán an wò: bí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń gba fáìlì lọ́wọ́ ni mo ń fa iná rẹ̀ yọ, tí mo tún ń kì í, títí ẹ̀gbọ́n mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Fúnra rẹ̀ ló ń jí padà.

Ti iná gan-an, bátìrì 12 volt tó wà fún ínfátà ni mo fi gbé e, kí ó má baà mọ ìgbà tí wọ́n bá ń ti iná ọba bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò gbọdọ̀ so ó mọ́ bátìrì tààrà, nítorí pé bí bátìrì bá ń gba iná lọ́wọ́, agbára rẹ̀ a máa ga ju 14 volt lọ. Mo fi régúlétọ̀ tó ń di iná mú sí 12 volt sáàárín wọn, àti fíúsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

Ojú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di ẹnu ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan fún módẹ́ẹ̀mù 4G, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀kẹta fún kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ àti Wi-Fi oníbàárà. Ohun tó bá ti ìta wá láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú ilé ló béèrè rẹ̀, firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè kọjá nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á dá a padà. Àwọn kan á ní ilé-iṣẹ́ fóònù ti fi ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, tí ará ìta kò fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, kí wá ni iṣẹ́ firewall? Inú ilé ni mo ń ṣọ́ ní tèmi. Flash tí oníbàárà mú wá lè ní kòkòrò nínú, bí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ bá sì kó o, kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà dé ibi tí àkọsílẹ̀ owó wà. Nítorí náà mo ti ọ̀nà tó lọ láti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ sí ọ́fíìsì pa, mo sì ti ọ̀nà wọn sára rọ́tà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, àfi pọ́ọ̀tù 67 tí wọ́n fi ń gba àdírẹ́sì, àti 53 tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ ìkànnì. Bí a bá ti méjèèjì yìí pa mọ́ ìyókù, Wi-Fi á hàn lójú fóònù, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣiṣẹ́.

Mo fi SQM, ètò tó ń to bí dátà ṣe ń kọjá, sí i kí fídíò ẹnìkan má baà gbé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì mì. Ìwọ̀n tí mo fún un kéré sí ohun tí 4G ń gbé lójú ọjọ́ lásán, nítorí pé bí Ojúde Ọba bá dé tí àlejò kún ìlú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa fà.

Mo da ètò rẹ̀ kọ sórí flash kan, mo sì ṣe SSD kejì sílẹ̀ bákan náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni méjèèjì wà, nínú àpòòwé, pẹ̀lú súkúrúdíráfà kékeré tó ń ṣí àpótí náà.