Ọ̀dà Kì í Bo Àṣìṣe Ògiri

Ẹ tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Ojú ìpàdé pátákó drywall, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé àti àjà, á wú jáde, orí síkúrù á hàn bí rorẹ́, ibi tí wọ́n dí á máa dán yàtọ̀ sí ibi yòókù. Onílé á ní kunlékunlé ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Mi ò gbà. Kí ọ̀dà tó dé ni ọ̀pọ̀ ògiri ti bàjẹ́, nítorí pé ẹni tó ṣe é kánjú bo ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá

Èyí tí mo kà sí àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn máa tún ògiri tó ń mu omi ṣe láìtíì mọ orísun omi náà. Ọ̀dà ń wú, ó ń bó, ìyẹ̀fun funfun ń yọ lójú ògiri. Wọ́n á ha á, wọ́n á tún un rẹ́, wọ́n á kùn ún, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi padà. Iyọ̀ ni ìyẹ̀fun yẹn. Omi tó ń gba inú ògiri kọjá ló ń gbé e bọ̀. Bí omi bá gbẹ tán, iyọ̀ á ṣẹ́kù síta. Kò sí símẹ́ńtì tuntun tó máa dá a dúró. Ẹ wo páìpù, ẹ wo òrùlé, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ọ̀nà omi, ẹ dúró kí ògiri gbẹ dénú.

Ti pátákó drywall tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gypsum, ìyẹn ohun funfun bí ẹfun, ló wà láàárín rẹ̀, bébà ló wà lójú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bébà tó bá rin gbingbin fún ọjọ́ mélòó kan máa ń bu. Ibi tó bá ti bu tàbí tó ti rọ̀, ẹ gé e dànù, ẹ má kùn ún bò. Ìdí yìí kan náà ni a kì í fi í jẹ́ kí pátákó jókòó sórí ilẹ̀. Ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà 10 sílẹ̀ nísàlẹ̀, igi ẹsẹ̀ ògiri á bò ó. Láìsí àlàfo yẹn, omi tí ẹ fi ń nu ilẹ̀ lásán tó láti fà sókè wọ inú pátákó.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: bí ilé bá ti pẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1980, ẹ má fi sánpépà kan ògiri tàbí àjà rẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Asbestos, ìyẹn òkúta tó ń ya bí òwú tín-tín, lè wà nínú ohun tí wọ́n fi dí ojú ìpàdé àti ohun tí wọ́n fi ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà náà, òjé sì lè wà nínú ọ̀dà. Eruku asbestos tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè má jáde mọ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eléyìí dánra wò.

POP àti símẹ́ńtì tó ti ń le

POP (plaster of Paris), lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri àti àjà, kì í gbẹ bí ẹrẹ̀ ṣe ń gbẹ, ńṣe ló ń dì. Omi tí ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ló ń sọ lẹ́búlẹ́bú náà di líle, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tún bomi lé e, wọ́n á rò ó títí á fi rọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò ní lágbára mọ́. Èékánná lásán á máa ha á.

Ẹ wo ìdí garawa yín náà. POP àná tó lẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán: hóró rẹ̀ ni tuntun máa ń dì mọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí tuntun náà yára le. Ẹni tó rò pé òun ṣì ní àkókò á rí i pé POP ti le mọ́ òun lọ́wọ́ kóun tó dé ìdajì ògiri, á wá bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ fọ garawa àti tírọ́wẹ̀lì mọ́ tónítóní lẹ́yìn àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí omi kọ́kọ́ wà nínú garawa, kí ẹ tó máa wọ́n POP lé e. Bí ẹ bá da omi lé POP lórí, kókó lẹ máa máa fọ́.

Ní ti símẹ́ńtì, àwọn kan gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ògiri ṣe máa lágbára tó. Ó máa le lóòótọ́, àmọ́ á súnkì, á sì sán wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n símẹ́ńtì 1 sí yanrìn 4 títí dé 6 ti tó. Kí yanrìn náà mọ́, kí amọ̀ tàbí iyọ̀ má wà nínú rẹ̀. Ògiri gbígbẹ máa ń fa omi àpòpọ̀ mu kí símẹ́ńtì tó rí i lò, nítorí náà ẹ wọ́n omi sí i ṣáájú, kó tutù láìmáa ro. Bó bá jẹ́ kọnkéré tó ń dán ni, ẹ ṣá a kí ojú rẹ̀ lè rí gbáágungbàágun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ símẹ́ńtì á ṣí kúrò lára rẹ̀. Ẹ má rẹ́ ẹ nípọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mìlímítà 10 sí 15 ni, bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi rin ín fún bí ọjọ́ 7. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, torí pé wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí.

Síkúrù àti ojú ìpàdé

Bébà ojú pátákó ló di síkúrù mú. Gypsum abẹ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Kí orí síkúrù rì díẹ̀, kí bébà má sì ya. Ẹ fi ìka pa á: bí ẹ bá bá kòtò kékeré tí etí rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó dára. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá ń tú jáde yí i ká, ó ti ya bébà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ má fi síkúrù sún mọ́ etí pátákó ju mìlímítà 10 lọ. Kí àárín wọn tó mìlímítà 400 lára ògiri, 300 lára àjà.

Ẹ má jẹ́ kí pátákó méjì pàdé ní igun ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Ibẹ̀ ni ògiri ti ń mì jù, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ sán. Ẹ jẹ́ kí odindi pátákó kan kọjá lórí igun náà, kí ẹ wá gé ìlà fèrèsé lára rẹ̀.

Ẹni tó bá dí ojú ìpàdé láìfi téèpù sí i, ìlà ló ń dúró dè. Téèpù aláwọ̀n fẹ́ kọ́ńpáùndì (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé) oní-lẹ́búlẹ́bú tó ń dì fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀, téèpù bébà ló bá a mu. Ẹ fi kọ́ńpáùndì sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, bíi mìlímítà 150, 250, 300, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e, èyí tó sábà máa ń gba wákàtí 24. Ẹ lo ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń fi sánpépà ha á, ẹ má sì ha bébà títí á fi máa hu irun.

Ẹ kun ọ̀dà àkọ́kùn kí ẹ tó kun ọ̀dà gan-an, torí bébà àti kọ́ńpáùndì kì í fa ọ̀dà mu bákan náà. Ògiri símẹ́ńtì tuntun ní tirẹ̀ fẹ́ kí ẹ dúró bíi ọjọ́ 28.

Ihò àti ìlà

Ihò ìṣó kò le, ẹ dí i. Èyí tó tó ìkúùkù kò ṣeé fi kọ́ńpáùndì nìkan dí: ẹ ti igi pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi síkúrù dè é, ẹ gé pátákó tó bá ihò náà mu sí i. Ìlà tín-tín lójú ògiri, ẹ má pa nǹkan lé e lórí. Ẹ fi ọ̀bẹ là á gbòòrò díẹ̀, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, ẹ rin ín, kí ẹ tó dí i. Ẹ kan ògiri ní agbègbè ibẹ̀ pẹ̀lú ìka. Bó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, símẹ́ńtì ibẹ̀ ti ṣí, gbogbo ibi tó bá ń dún bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́ kúrò.

Ìlà tó dagun láti igun ilẹ̀kùn, tó sì fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ẹnjiníà ni kí ẹ pè. Èyí tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìparí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá kọjá àmì náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ fi tírọ́wẹ̀lì sílẹ̀ ná, kí ẹnjiníà wá wo ìpìlẹ̀ ilé.