Ẹ Má Jẹ Ojú Owó: Ìtọ́sọ́nà fún Ọlọ́jà àti Ìdílé ní Èkó

Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tí aláta Oyíngbò ti máa wà ní ọjà Mile 12. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ní 40,000 náírà (àpẹẹrẹ ni o, iye tòmátì kì í dúró sójú kan). Ó san 3,000 owó ọkọ̀, ó fún alábàárù ní 1,000. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti pa 52,000. Bí ẹ bá bi í pé èló ló jẹ lérè, kíá ló máa dáhùn pé 12,000.

Kò rí bẹ́ẹ̀. 44,000 ló ti ná kí tòmátì tó dé ìsọ̀ rẹ̀, 8,000 péré lèrè. Bó bá wá ná 12,000 sórí oúnjẹ àti owó iléèwé, ó ti bu 4,000 jẹ nínú ojú owó. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ 11 ti tó láti fi jẹ 44,000 náà tán. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ, pé ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Títà á máa lọ, ìsọ̀ tiẹ̀ nìkan ló máa ṣófo.

Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n ṣe nìyí. Kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ da owó sílẹ̀, ẹ kà á. Ojú owó ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, owó ọkọ̀ àti ti alábàárù pẹ̀lú. Ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ so ó. Inú ohun tó bá ṣẹ́ kù ni owó oúnjẹ ti máa jáde. Ata tí ẹ bù lọ sílé láti fi sebẹ̀, owó ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwìn náà, ẹ kọ ọ́: orúkọ, iye, ọjọ́ tó ní òun máa san. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fa ìlà, tàbí kí ọmọ bá a kọ ọ́.

Alájọ ńkọ́? Mo fẹ́ràn àjọ gidigidi. Bí ẹ bá ń dá 1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ẹ ó kó 30,000. Lóòótọ́, kò sí èlé lórí rẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ tún ń sanwó fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dé ìsọ̀ lójoojúmọ́ lẹ ń san owó fún, torí ẹni tó ń dúró kí owó tó pọ̀ kó tó lọ sí báńkì, owó náà kì í sábà dúró dè é.

Gbogbo wa la gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú. Wọ́n ní ó ta mọ́tò mẹ́ta, ó fi ra kẹ̀kẹ́ kan, àti pé orí ló fi ń ṣe ìṣirò owó gbogbo èèyàn láì ṣì í. Kì í ṣe gbogbo alájọ ni Alájọ Ṣómólú. Èmi náà ti fi owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ kan rí, mi ò sì rí i mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo dìde láti wá a ni mo tó rí i pé mi ò mọ ojúlé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mọ ilé alájọ yín, ẹ mọ onídùúró rẹ̀, ẹ rí i pé ó ń fàmì sí káàdì níṣojú yín. Ní ìparí oṣù, ẹ gba owó yín, ẹ gbé e lọ sí báńkì. Láti ọdún 2024, bí báńkì bá kógbá sílé, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, máa ń dá owó oníbàárà padà, àmọ́ kì í ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ní báńkì microfinance (àwọn báńkì kéékèèké), kì í ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹ wo àmì NDIC lára ògiri kí ẹ tó kówó sílẹ̀ níbẹ̀.

Èsúsú dára fún ìnáwó ńlá. Èèyàn mẹ́wàá tó ń dá 10,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó 100,000. Ẹ má kàn mú ìbò nìkan. Ẹ bi ara yín: ta ni owó ilé rẹ̀ ń bọ̀, ta ni ọmọ rẹ̀ ń wọlé ní September? Ẹni tí bùkátà rẹ̀ súnmọ́ ni kó kọ́kọ́ kó o.

Owó POS ń jẹ wá láì jẹ́ ká mọ̀. Bí wọ́n bá ń gba 200 lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, 31,200 ló máa di lọ́dún. ATM báńkì tiyín gan-an kì í gba nǹkan kan.

Ní ti owó tí wọ́n ń yá èèyàn lórí fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. 20,000 tí ẹ máa dá padà ní 25,000 lẹ́yìn ọjọ́ 14, èlé ìdá kan nínú mẹ́rin ojú owó nìyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjà wo lẹ fẹ́ tà tó máa mú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọjà yín.

Ó wá ku owó ilé, tó máa ń bá ọ̀pọ̀ wa lójijì bí ẹni pé a kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 400,000 lọ́dún, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 50: 8,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì á sì ṣẹ́ kù fún àìsàn tàbí ọjà tí kò tà. Ẹni tó ń gba owó oṣù, kó yọ 33,400 lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kó tó ra aṣọ ẹbí kankan. Ẹ má fi sínú àkáǹtì tí ẹ fi ń ra káàdì fóònù. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá san ti ọdún yìí tán gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti ọdún tó ń bọ̀.