Ẹ má tíì wá driver: ohun tí mò ń ṣe bí kọ̀ǹpútà bá ní òun ò rí capture

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, màmá àgbàlagbà kan kó káṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àdó, nínú ọ̀rá dúdú. Ìsìnkú ọkọ wọn ní 1994 ló wà níbẹ̀, bàbá mi ló sì ká a. Àwọn ọmọ wọn ń ti òkè òkun bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì fẹ́ kó ti wà lórí flash kí wọ́n tó dé. Ohun kan ṣoṣo ni màmá bi mí: "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ rẹ ò ní jẹ káṣẹ́ẹ̀tì yìí?" Mo ní, "Rárá mà, ẹ fọkàn balẹ̀."

Lóòótọ́, ẹ̀rọ ò jẹ ẹ́. Capture ló fojú mi rí nǹkan, ìyẹn ohun kékeré tó dà bíi flash, tó ní okùn pupa, funfun àti yẹ́lò nídìí, tó ń gba àwòrán látinú fídíò wọ kọ̀ǹpútà. Mo kì í bọ laptop, OBS, ìyẹn ètò tí mo fi ń gba fídíò sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní òun ò rí nǹkan kan. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi wá driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀rọ tí a kì bọ̀ ọ́, kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ta ni mo gbà wálẹ̀. Ọ̀kan ò ṣí rárá, ọ̀kan jẹ́ ti Windows XP, ẹ̀kẹta sì kó ìpolówó tẹ́tẹ́ bo gbogbo ojú laptop mi. Kí ló fà á? Orúkọ tó wà lára páálí ni mo fi ń wá a.

Páálí a máa parọ́. Àwọn tí gbogbo wa ń pè ní EasyCAP yẹn, ike kan náà ni, àmọ́ chip, ìyẹn ọpọlọ tó wà nínú wọn, yàtọ̀ síra. Driver ti ọ̀kan ò mọ èkejì rí. CD tó bá a wá pàápàá lè jẹ́ ti ẹlòmíì.

Nítorí náà, ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí nìyí. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ Start, kí ẹ ṣí Device Manager. Ẹ fi í sílẹ̀ lójú, kí ẹ wá yọ capture, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Èyí tó bá pòórá tó tún padà wá, òun gan-an nìyẹn, ì báà jẹ́ Unknown device ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ohunkóhun ò bá yí padà, tí ẹ ò sì gbọ́ ìró kankan, ẹ fi ọ̀rọ̀ driver sílẹ̀ ná. Ẹ má lo hub, ìyẹn ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀. Ẹ gbìyànjú ihò USB mìíràn, tó bá jẹ́ desktop, ẹ lo ti ẹ̀yìn. Ẹ mú un lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Bí ìyẹn náà ò bá rí i, ó ti kú nìyẹn.

Tó bá hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, kí ẹ yan Hardware Ids. Ẹ ó rí VID, ìyẹn nọ́ńbà ilé iṣẹ́, àti PID, ìyẹn nọ́ńbà ọjà náà. Orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. 05E1 pẹ̀lú 0408 ni chip STK1160. 1B71 pẹ̀lú 3002 ni UTV007. EB1A, ilé Empia ló ti wá, 1C88, Somagic. Bí ẹ bá rí 534D àti 2109, ẹ máa yọ̀: capture HDMI olówó pọ́ọ́kú ni, Windows fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kò nílò driver kankan. Orúkọ yìí ni kí ẹ fi wá driver. 1B71 ni tèmi. Páálí ò tilẹ̀ dárúkọ UTV.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà ní Device status náà. Code 28: kò tíì ní driver. Code 43: ẹ fura sí okùn tàbí capture fúnra rẹ̀. Code 52: Windows ò gba òǹtẹ̀ driver náà, ìyẹn àmì tó ń fi ẹni tó ṣe é hàn. Àwọn kan á ní kí ẹ pa àyẹ̀wò òǹtẹ̀ yẹn. Èmi ò ní ṣe é lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń wọ báńkì. Mo ní Dell àtijọ́ kan tó ń lo Windows 7, tí kì í fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Capture ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ mìíràn tí mo fẹ́ràn: ẹ fi flash tí Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan, tí a lè lò dípò Windows) wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, láìfi í sínú rẹ̀. Linux ti ní driver STK1160, UTV007 àti Empia nínú. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, capture ò ní àrùn, Windows ni kí ẹ kọjú sí.

Nígbà mìíràn, Device Manager á ní kò sí wàhálà, síbẹ̀ OBS ò ní rí i. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Privacy, ẹ yan Camera, kí ẹ gbà kí desktop apps lò ó. Ẹ pa Zoom àti ohun mìíràn tó lè ti gbà á mú. Bó bá sì jẹ́ àwòrán ló dúdú tàbí tó ń yí, ẹ yan Composite fún okùn yẹ́lò, kí ẹ sì yan PAL, ìyẹn irú ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n kan. PAL là ń lò ní Nàìjíríà, àfi bí ẹ̀gbọ́n yín bá ká tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Lálẹ́ Sátidé, mo rí driver UTV007 tó bá a mu. Iná lọ láàárín káṣẹ́ẹ̀tì kejì, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó sùn, mo lẹ tépù funfun mọ́ ẹ̀yìn capture náà, mo fi báírò kọ ọ́ síbẹ̀: 1B71.