Bẹ́ẹ ṣe lè fi rólà kun mọ́tò yín nílé

Sáńdípépà ni iṣẹ́ yìí gan-an, ọ̀dà kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ mọ́tò yẹn kí gíríìsì kúrò, ibi tó bá ti dípẹtà ẹ ha á títí irin á fi hàn, ẹ kùn ún ní práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, kẹ́ẹ wá fi sáńdípépà nọ́ńbà 400 àti omi fá gbogbo ara ẹ̀ títí dídán ẹ̀ á fi lọ. Ẹ lẹ tépù mọ́ gíláàsì àti iná.

Ọ̀dà ọlọ́ìlì ni kẹ́ẹ rà, white spirit ni kẹ́ẹ fi pò ó kó ṣàn bíi mílíìkì, ẹ má lo tínà àwọn tó ń fín mọ́tò o, ó ti máa ń yá jù, kẹ́ẹ tó yí rólà padà ó ti gbẹ, ipa ẹ̀ á wá hàn ketekete. Rólà fóòmù ínṣì 4 ló dáa, onírun yẹn á kàn máa tu irun sí i lára ni. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti àkọ́kọ́ á burú lójú gan-an, ẹ má bẹ̀rù, ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún kó tó bo ara. Búrọ́ọ̀ṣì wà fún kọ̀rọ̀ tí rólà ò dé. Tó bá ti gbẹ mọ́jú, ẹ fi 800 fá àwọn kókó ara ẹ̀ kẹ́ẹ tó tún kùn ún, níparí ẹ lo 1500, 2000, kẹ́ẹ fi pọ́líṣì nù ún. Ẹ má ṣe é lásìkò ọyẹ́ ṣá, eruku!