Ẹ má gbára lé "wọn ò ní fọwọ́ sí èsì": ohun tójú mi rí ní Georgia

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di sítísìn Amẹ́ríkà, ẹ kú oríire. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ wo ibùdó ìdìbò yín, ẹ mú líséǹsì awakọ̀ yín dání, ó parí. Tó bá jẹ́ gríìn kádì lẹ ṣì ń lò, ẹ má sún mọ́ ọn rárá o! Ìbò kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n dá yín padà sílé.

Èmi gbàgbé pọ́ọ̀sì tí líséǹsì mi wà nínú rẹ̀ sílé lọ́jọ́ ìdìbò, November 5, 2024. Wọ́n ní kí n dìbò lórí provisional ballot, ìbò tí wọn ò ní kà àfi tí mo bá fi ẹ̀rí ẹni tí mo jẹ́ hàn, wọ́n wá fún mi ní ìwé pélébé kan. Mo ká a sápò, n kò kà á. Àgbàlagbà bíi tèmi! Ó wà níbẹ̀ gbangba pé kí n mú líséǹsì wá sí ọ́fíìsì ìdìbò káúntì kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. "Àbúrò, kí lò ń sáré fún? Ọmọ ìgbìmọ̀ ìdìbò kan ní káúntì Fulton níbí kọ̀, kò fọwọ́ sí èsì ìbò May, ìyẹn ni pé kò jẹ́rìí sí i pé èsì náà pé. Wọ́n á tún kọ̀, èsì á dúró, wọ́n á wá tún gbogbo ètò ìdìbò yìí ṣe." Èmi tí mo rí June 12 lọ́dún 1993, ṣé ó ṣòro fún mi láti gbà pé èsì lè há sọ́nà? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni mo tó gbé líséǹsì lọ. Ìbò mi ti wọgbó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbèdéke tí òfin fún káúntì láti fọwọ́ sí èsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Adájọ́ Robert McBurney ti sọ ọ́ ní October 2024 pé dandan ni ìfọwọ́sí yìí ní Georgia. Ẹni tó bá fura sí màgòmágó, kóòtù ni kó gbé e lọ. Ní káúntì Otero, ní New Mexico, àwọn kọmíṣọ́nnà kọ̀ láti fọwọ́ sí èsì ní June 2022, wọ́n ní àwọn ò gba ẹ̀rọ ìdìbò Dominion gbọ́. Kóòtù àgbà ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ, wọ́n sì fọwọ́ sí i, ẹni méjì sí ẹnì kan. Káúntì Cochise ní Arizona náà dán an wò ní November ọdún yẹn. Ọjọ́ tí adájọ́ pàṣẹ ni wọ́n ṣe é. Àtúnṣe tí wọ́n ní á tibẹ̀ wá ńkọ́? Ní Michigan, lẹ́yìn tí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì kọ́kọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí èsì ní Wayne County ní 2020, ará ìlú dìbò ní 2022, wọ́n fi í sínú ìwé òfin pé iṣẹ́ yìí kò ní "mo gbà, n kò gbà" nínú. Àwọn tó kọ̀ ni wọ́n so lọ́wọ́!

Mo padà bi ẹ̀gbọ́n náà pé ìbò tiwọn ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ti dì í ní early voting, ìdìbò ṣáájú ọjọ́ ìbò, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì.