Bẹ́ ẹ ṣe lè lọ sí àwọn erékùṣù tó jìnnà ní Yap, Micronesia

Àṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá o, kẹ́ ẹ tó máa ro ti tíkẹ́ẹ̀tì. Yap jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Micronesia lórí Òkun Pàsífíìkì, àwọn erékùṣù rẹ̀ tó jìnnà, bí Ulithi, Woleai, Ifalik, Lamotrek àti Satawal, gbogbo wọn ló ní olóyè tiẹ̀, èèyàn kì í sì í kàn gúnlẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wù ú. Colonia, olú ìlú Yap, lẹ máa kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àwọn olóyè tí wọ́n ń pè ní Council of Tamol wà, ẹ sọ erékùṣù tẹ́ ẹ fẹ́ lọ fún wọn, iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò àti nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní sùúrù títí wọ́n á fi bá àwọn ará erékùṣù náà sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni, ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ òfurufú kékeré máa ń bà sí Falalop, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà ní Ulithi, ẹrù tó ń gbà ò tó nǹkan. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba ló ń lọ káàkiri àwọn tó kù, ó sì lè má gbéra lọ́jọ́ tí wọ́n dá, torí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa kí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sílé tó pé. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná, ẹ ti mú káàṣì láti Colonia. Ẹ ra ìrẹsì, kọfí, ṣúgà, ìwọ̀ àti okùn ìpẹja dání, olóyè lẹ sì máa kọ́kọ́ lọ kí pẹ̀lú ẹ̀.

Ní ti aṣọ, ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń ro lavalava mọ́ ìdí, aṣọ onílà gbọọrọ tí wọ́n fọwọ́ hun, òmíràn wà tó jẹ́ okùn ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo igi ni wọ́n fi hun ún, àyà wọn lè wà níta kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, itan gan-an lèèwọ̀. Obìnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀tì lọ ló máa dójú ti àwọn onílé. Àwọn ọkùnrin ń sán bàǹté.

Omi àti òkúta iyùn tó yí erékùṣù ká ló lẹ́ni tó ni ín. Ní Ulithi, erékùṣù Mogmog ni ibùjókòó olóyè àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìjàpá òkun tí wọ́n bá mú lọ kí wọ́n tó pín in, ẹ wò ó ná, ṣé ó wá yẹ kí àlejò kàn máa ju ìwọ̀ sómi láì bi ẹnikẹ́ni? Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó wẹ̀, kẹ́ ẹ tó já àgbọn, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Obìnrin ò gbọ́dọ̀ wọ ilé àwọn ọkùnrin tó wà létí òkun, oko kókò sì jẹ́ tàwọn obìnrin.

Tó bá jẹ́ Satawal lẹ ń lọ, ìlú Mau Piailug nìyẹn, òun ló fi ìràwọ̀ àti ìgbì òkun darí ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tó ń jẹ́ Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti lọ́dún 1976, láì lo kọ́ńpáàsì. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa gbọ́, ẹ má da ìbéèrè bò wọ́n.

Omi òjò ni wọ́n ń mu, ẹ máa ṣọ́ ọ lò. Ẹ kó oògùn yín dání. Bátìrì àti ọ̀rá tẹ́ ẹ bá kó lọ, ẹ kó o padà sí Colonia.